Mákun wo ni àgbẹ̀dẹ bàbá ńlá mi wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Bàbá tó bí bàbá ìyá mi, alágbẹ̀dẹ ni. Gbogbo ẹbí ló gbà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Nínú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ọmọ owú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa, abẹ́ ibùsùn ìyá mi ló sì wà. Mo gbé e lé orí ìwọ̀n níjọ́ kan, ó lé díẹ̀ ní kílò méjì. Ìdí rẹ̀ gbòòrò, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ti dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, ó sì ti jẹ wọlé díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà. Bí mo bá dì í mú, ojú ibẹ̀ gan-an ni àtàǹpàkò tèmi náà ń bọ́ sí.

Ibi tó ti fi ọmọ owú yìí lu irin ni mò ń wá. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 79, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn kò ju báyìí lọ: "Mákun ni àgbẹ̀dẹ bàbá wa wà, ní ìdí ìrókò, a máa ń gbọ́ ariwo ọjà láti ibẹ̀." Bàbá àgbà kò tíì ju ọmọdé lọ nígbà tí bàbá wọn kú tí ìyá wọn kó wọn lọ sí Èkó. Ogun Hitler kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó padà lọ gbé ibẹ̀.

Mo ti lọ sí Mákun ní Ṣàgámù lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ìrókò kankan. Mo béèrè àgbẹ̀dẹ, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbà?

Bàbá Ìpẹru

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Kí á tó máa wá ìrókò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ Mákun tí à ń sọ, torí orúkọ yẹn ti rìn.

Ṣàgámù kì í ṣe ìlú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú 13 ló kó ara wọn jọ ní 1872 nítorí ogun tó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan nígbà náà: Ọ̀fin, Mákun, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́, Ìbídò, Ìgbẹ̀pà, Adó, Ọ̀kọ̀, Ìpójì, Batórò, Ìjòkú, Látàwá àti Ìjàgbà. Kálukú gbé orúkọ rẹ̀ dání wá, ó sì gbé olórí rẹ̀ dání pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí Èwùsì fi wà ní Mákun títí dòní, tí Akárígbò sì wà ní Ọ̀fin. Nítorí náà, Mákun kan wà kí 1872 tó dé, níbi tí wọ́n ti ṣí wá. Mákun kejì ni èyí tí o lọ nínú Ṣàgámù. Ẹ̀kẹta ni Mákun-Omi, apá odò ni ìyẹn wà pátápátá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Mo mọ ìdílé kan tó fi ọdún mẹ́ta wá orírun wọn káàkiri Ṣàgámù, tó jẹ́ pé Mákun-Omi ni wọ́n ti wá.

Jẹ́ ká ṣírò ọjọ́. Bí bàbá àgbà rẹ bá jẹ́ ọmọdé nígbà tí ogun Hitler kò tíì dé, á jẹ́ pé bàbá wọn ṣiṣẹ́ láàárín 1900 sí 1939. Ìyẹn yọ Mákun àtijọ́ kúrò, torí wọ́n ti ṣí kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ó wá ku méjì. Bi ìyá rẹ léèrè: ǹjẹ́ bàbá wọn dárúkọ ọkọ̀ ojú omi rí? Ẹja ńkọ́, tàbí àwọ̀n? Alágbẹ̀dẹ etí odò á rọ ìwọ̀ àti ọ̀kọ̀ ìpẹja. Ohun tí èèyàn ń rọ ló máa sọ ibi tó ń gbé.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo pe ìyá mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní bàbá wọn kò dárúkọ odò rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàbá ńlá wa ń rọ àdá àti ọkọ́, ó sì ń rọ irin gọ̀gọ̀ tí wọ́n fi ń ká obì. Wọ́n ní nígbà ìkórè obì, àwọn èèyàn á tò síwájú àgbẹ̀dẹ láti ìdájí.

Bàbá Ìpẹru

Obì! Ó ti tán. Ṣàgámù ni. Inú obì ni owó Rẹ́mọ wà láyé ìgbà yẹn, òun náà ló kó àwọn Hausa wá tẹ̀dó sí Sábó. Ibi tí obì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ ń jẹun lórí irin gọ̀gọ̀, n kò rò pé Mákun-Omi ni.

Ọmọ Aláre

Ẹ má bínú o, èmi ní iyèméjì díẹ̀. Ẹ̀yin Rẹ́mọ nìkan kọ́ lẹ ní obì. Ṣé kò lè jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó wá sí Mákun, tàbí pé ibòmíràn ni àgbẹ̀dẹ wà tó jẹ́ pé ọmọ Mákun lásán ni wọ́n ń pè é? Ẹ wo orúkọ ìdílé yín. Láàárín wa ní Ìjẹ̀bú, orúkọ máa ń sọ iṣẹ́. Àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọnà, bí Ọnàbánjọ àti Ọnàfọwọ́kàn, ìdílé ọlọ́nà ni: agbẹ́gilére, oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ rántí Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tó di ògbóǹtarìgì ayàwòrán. Ó wà nínú orúkọ kó tó wà lọ́wọ́. Tí orúkọ tiyín bá ní Ògún nínú, ìdílé alágbẹ̀dẹ ni yín láti ìran dé ìran, ẹ ó sì lè bá àwọn mọ̀lẹ́bí yín pàdé níbi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀.

Irin Tútù

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Aláre, ọ̀rọ̀ Ọnà yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ti Ògún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ń jẹ́ Ògún, jagunjagun ń jẹ́ Ògún, awakọ̀ pàápàá ń bọ Ògún. Alágbẹ̀dẹ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Orúkọ tèmi kò ní Ògún nínú.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa wá. Àgbẹ̀dẹ kì í ṣe ilé. Àtíbàbà ni: òpó mẹ́rin tàbí mẹ́fà, òrùlé, ògiri tí kò ga ju ìbàdí lọ kí èéfín àti ooru lè rí ọ̀nà jáde. Inú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn díẹ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọ̀ irin ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó lù. Nínú oòrùn gangan, irin tó ti gbóná débi kó yọ́, ẹ lè máa rò pé kò tíì pọ́n. Nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ ṣe fẹ́ràn ìdí igi ńlá. Ìrókò tí bàbá yín sọ yẹn, òjìji rẹ̀ ni bàbá ńlá yín ń lò. Òótọ́ ni, mo gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá igi. Wọ́n ti lè fi ṣe pákó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Níbi tí wọ́n bá ti fín ewìrì tí a fi ń fẹ́ iná fún ogún ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbàgbé. Ẹ ó rí ìdárọ́, ìdọ̀tí tí irin ń yọ nínú iná: ó dúdú, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lára bí afárá oyin. Ẹ ó rí ẹ̀ẹ̀dú tó ti di ara yẹ̀pẹ̀. Èyí tó dájú jù ni ìpẹ́ irin. Nígbà tí a bá lu irin tó pọ́n, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bó kúrò lára rẹ̀, á fò, á bọ́ sílẹ̀ yí owú ká, ìyẹn irin ńlá tí a ń gbé irin lé lù. Kò sí ẹni tó ń ṣà á, kéré ni. Ẹ wá òòfà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ́ lára spíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fà á lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Iyanrìn dúdú kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn níbi gbogbo, ìyẹn kò ní ìtumọ̀, roboto ni. Èyí tó bá pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja tó sì ń dán, alágbẹ̀dẹ ló lù ú.

Bí ẹ bá rí ohun tó ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tó ti jóná, ẹ ti ṣìnà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń rọ idẹ ni, irú ẹdan tí àwọn Òṣùgbó ń lò.

Àkọ̀wé Ìbàdàn

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé ná. Ṣé wọ́n ṣèrìbọmi fún bàbá àgbà yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ayé àtijọ́ ní àyè fún ibi tí òbí ń gbé àti àyè fún iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo orúkọ àti ọjọ́, wọn á pa ìwé dé. Àyè iṣẹ́ yẹn gan-an ni tiyín. Ìwé ìgbéyàwó òfin náà máa ń kọ iṣẹ́ ọkọ àti iṣẹ́ bàbá méjèèjì.

Èkejì ni kóòtù ìbílẹ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí oníbàárà kì í jẹ lówó. Tí wọ́n bá pe ara wọn lẹ́jọ́, akọ̀wé kóòtù á kọ́kọ́ kọ ibi tí ẹlẹ́rìí ń gbé àti iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kọ ẹ̀rí. Àwọn fáìlì Ìjẹ̀bú Prófínsì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ nínú Yunifásítì Ìbàdàn, Rẹ́mọ sì wà nínú wọn. Ẹ lọ pẹ̀lú sùúrù àti pẹ́ńsùlù, torí ìwé gbígbó kò fẹ́ yíǹkì nítòsí.

Ẹ tún wo inú agolo àwọn àgbà ilé yín. Àwọn bàbá wa kì í ju rìsíìtì owó orí nù, nítorí ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́, àhámọ́ ló ń lọ. Orúkọ àdúgbò sábà máa ń wà lára rẹ̀.

Ìyá Ọ̀fin

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ èèyàn.

Nígbà tí o dé Mákun, "àgbẹ̀dẹ" lo béèrè. Ọ̀dọ́ lo sì bi. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ àgbẹ̀dẹ, wẹ́dà ló máa wá sí i lọ́kàn. Àwọn ìyá arúgbó ni kí o wá. Má sì bi wọ́n pé níbo ni àgbẹ̀dẹ bàbá ńlá mi wà, torí wọn kò mọ̀ ọ́, wọn kò sì mọ ẹni tí ò ń sọ. Béèrè pé: "Màmá, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, níbo ni wọ́n ń rán yín lọ láti lọ pọ́n àdá? Ta ni ẹ ń ta ẹ̀ẹ̀dú fún? Níbo ni ẹ ti ń wo ẹni tó ń fín ewìrì?" Wàá rí i bí ojú wọn ṣe máa là. Ọmọdé kò mọ orúkọ ojúlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n rán an kò jẹ́ gbàgbé láéláé. Èmi fúnra mi ti lé ní 80, mo ṣì mọ ibi tí ìyá mi ti ń rán mi lọ gba ọ̀bẹ ní Ọ̀fin. Tí wọ́n bá gbé mi síbẹ̀ lóru, màá débẹ̀.

Mú obì dání. Kọ́kọ́ lọ kí wọn láàfin, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilé ló padà wá, kì í ṣe ẹni tó ń wá ilẹ̀ tà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń dẹ́rù ba èèyàn lónìí. Bí o bá wọ àgbàlá wọn tí o sì ń wo ilẹ̀ kiri, kò sí ẹni tó máa dá ọ lóhùn.

Ọmọ Aláre

Màmá, ẹ kú ọgbọ́n. Mo gba ti Irin Tútù náà, mo ti fi orúkọ ṣe ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti sọ̀rọ̀ níbí. Mo ní ìròyìn.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ lé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní ikán ti jẹ ìwé ọdún tí mo ń wá. Mo sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi rántí pé ìyá ńlá wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn kí wọ́n tó lọ sí Èkó. Mo lọ síbẹ̀, mo sì bá a nínú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya: orúkọ bàbá àgbà, orúkọ ìyá wọn, orúkọ bàbá wọn. Ibùgbé: Mákun, Ṣàgámù. Iṣẹ́: alágbẹ̀dẹ. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ náà ti ń parẹ́, mo ní láti gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá Ìpẹru, ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bí Màmá Ọ̀fin ṣe wí. Mo gbé obì, mo lọ kí wọn, wọ́n sì fi ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé mi. Ìyá mẹ́ta ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò gbọ́ràn mọ́. Ẹnì kejì dárúkọ alágbẹ̀dẹ mìíràn tó wá lẹ́yìn ogun. Ẹnì kẹta ti lé ní 90. Nígbà tí mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń lọ pọ́n àdá, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ti bàbá ìdí ìrókò ni o ń sọ? Èyí tí ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ Èkó fún wọn rárá.

Wọ́n ní ọmọ kékeré ni àwọn nígbà náà, ìyá àwọn ló máa ń sọ pé kí àwọn má fi ẹsẹ̀ lásán kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ yẹn nítorí irin gbígbóná. Wọ́n ní ìrókò náà wó nígbà tí àwọn ti lọ́kọ, alápákó ló là á. Wọ́n kò lè rìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pá wọn ya ọ̀nà sílẹ̀ fún wa: láti ẹ̀yìn ọjà, ẹ yà sí ọwọ́ òsì níbi tí kànga wà, ẹ má dé ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sísàlẹ̀. Kànga náà ṣì wà, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo ẹnu rẹ̀. Ibi tí wọ́n júwe ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù.

Irin Tútù

Ẹ mú òòfà lọ?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Mo mú un lọ. Ẹni tó ni ibi búlọ́ọ̀kù náà ṣe dáadáa sí mi, mo ṣàlàyé fún un, ó ní kí n máa wò. Níwájú, iyanrìn tí wọ́n tú sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sí nǹkankan. Mo lọ sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ògiri, níbi tí pèrègún mẹ́ta wà. Òjò ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Mo fa òòfà náà nílẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó hu irùngbọ̀n dúdú. Mo rò pé iyanrìn ni. Mo gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun, mo fi gíláàsì ìkàwé ìyá mi wò ó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ roboto lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín rẹ̀ tó pẹlẹbẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ mú. Mo ka 23. Mo tún rí ìdárọ́ méjì, ọ̀kan tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé.

Irin Tútù

23 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ tí kò sí alágbẹ̀dẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́? Ẹ má wá ibòmíràn mọ́. Pèrègún yẹn náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Kò sí ẹni tó ń gbin pèrègún sẹ́yìn ibi búlọ́ọ̀kù. Ojúbọ Ògún ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀.

Owú wọn kì í jìnnà sí ààrò. Bí wọn kò bá gbé e lọ, ó lè ṣì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, torí wọ́n máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ní kí ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ bá àwọn àgbà Mákun sọ̀rọ̀, kí ẹbí yín náà mọ̀ sí i.

Àkọ̀wé Ìbàdàn

Ẹ kọ ohun tí Màmá ẹni 90 ọdún yẹn sọ sílẹ̀ lónìí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé ìwé ìrìbọmi náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá àgbà sẹ́yìn fọ́tò. Ikán kò tíì jẹ èyí.

Ìyá Ọ̀fin

Ọmọ mi, ìyá rẹ ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Mo gbé ìdárọ́ náà lé wọn lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n yí i, wọ́n tún un yí, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn yọ ọmọ owú náà lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n gbé méjèèjì sórí ẹsẹ̀ wọn títí iná fi lọ.

Sátidé tó ń bọ̀ la jọ ń lọ. Wọ́n ní àwọn máa gbé ọmọ owú náà dání, kí àwọn sì kọ́kọ́ yà kí Màmá tó ya ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ti ń béèrè irú obì tí Màmá náà fẹ́ràn.